Gẹdẹgbẹ l'Èkó Wà: Bí Ó Ti Kù Díẹ̀ Kí Èkó Di Orílẹ̀-Èdè Tirẹ̀

  

Olóòtú wa ló ní kí n kọ ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ti ọ̀dọ̀ olóòtú wá. Ibi ìkómọjáde kan ló ti bẹ̀rẹ̀, nínú gbọ̀ngàn kan ní Thamesmead, nígbà tí a ti jẹun tán tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń to àga jọ. Bàbá kan tí wọ́n bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó sọ pé bí wọ́n bá ti fi Èkó sílẹ̀ kí ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè olómìnira ní etí òkun, kí ó ní ààrẹ tirẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ tirẹ̀ àti owó tirẹ̀, àwa kì bá tí máa gbọ̀n nínú òtútù níbí. Ó ní ṣebí Singapore náà kò ju erékùṣù kan lọ, kí á wo ohun tí ó dà lónìí. Kò tíì pa ẹnu dé tí ìyá kan, ọmọ Ìbàdàn, fi dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí àwọn onílọ́rì Ìbàdàn jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta péré, kí á wá wo ohun tí orílẹ̀-èdè yín yóò fi sebẹ̀." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Àfi bí ọmọkùnrin kan, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, ṣe bi ìyá rẹ̀ pé, "Ṣé Màmá Àgbà yóò wá gba físà ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó lè wọ Èkó?" Ẹ̀rín tún sọ. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwa àgbà tí ó dá ọmọ náà lóhùn.

Mo délé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo kó àwọn ìwé ìtàn mi sílẹ̀, mo sì rí i pé ìbéèrè ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà rárá. Ọdún kan wà, ọdún 1888, tí ìwé kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di òótọ́. N óò dé orí ìwé náà. Ẹ fara balẹ̀ bá mi ká lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa níbí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú àwọn ilé gogoro tí wọ́n kọ́ sí Royal Arsenal ní Woolwich, ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ohun ìjà ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún méjì lọ tí wọ́n fi ń rọ ìbọn àgbá níbẹ̀, títí wọ́n fi ti ilé iṣẹ́ náà ní 1967. Thamesmead pàápàá, orí irà tí Arsenal ń lò ni wọ́n kọ́ ọ sí. 1968 ni àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ kó wọlé. Bí ẹ bá ń rin etí omi ibẹ̀ láàárọ̀ tí kùrukùru bo ilẹ̀, ẹni tó bá mọ etí ọ̀sà ní Ẹ̀bùté-Mẹ́tta yóò mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni irà gbogbo.

Nínú Arsenal yìí ni William Congreve ti ṣe irú rọ́kẹ́ẹ̀tì tí àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń gbé káàkiri ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ìbọn àgbá àti rọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n rọ̀ lé Èkó lórí. Ọba Kòsọ́kọ́ ló wà lórí oyè. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í ṣe ojo, nítorí wọ́n ti lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà ní oṣù tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kejì yìí iná mú ìlú. Àwọn àgbà Èkó pe ogun náà ní Ogun Àgìdìngbì nítorí ìró ìbọn, àwọn mìíràn sì pè é ní Ogun Ahóyaya, nítorí pé ṣe ni ìlú ń hó bí omi orí iná. Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, tí òun Kòsọ́kọ́ ti lé kúrò lórí oyè ní 1845, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá padà, ó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852 pé òwò ẹrú ti parí ní Èkó. Òwò ẹrú ni wọ́n ní torí rẹ̀ ni àwọn ṣe jà, òótọ́ sì ni pé wọ́n ń ta ènìyàn ní Èkó, kò yẹ kí á fi pamọ́ fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n epo pupa náà wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ìlú náà pátápátá. Dòsùnmú ọmọ Akítóyè ló wà ní Ìgá Ìdúngànràn. Ọkọ̀ ogun Prometheus wọ inú ọ̀sà. Ọ̀gá ọkọ̀ náà, Bedingfield, pẹ̀lú McCoskry tí ó ń ṣe adelé fún aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní kí ọba fi Èkó lé ọwọ́ Ọbabìnrin Victoria. Ọba kọ̀. Wọ́n ní bí kò bá fọwọ́ sí i, ìbọn yóò sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùnmú fọwọ́ sí i. Wọ́n ta àsíá, wọ́n yìnbọn ẹ̀yẹ, àwọn ọmọ ilé ìwé àwọn ìjọ sì kọrin ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n wá ṣèlérí fún Dòsùnmú ní 1862 ni 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ lọ́dọọdún ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ìṣirò náà fún yín.

Láti ọjọ́ náà lọ, Èkó di ohun tí wọ́n ń pè ní Kọ́lónì, ìyẹn ilẹ̀ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ni tààrà. Ìbàdàn kò sí nínú rẹ̀, Abẹ́òkúta kò sí nínú rẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde kò sí nínú rẹ̀. Ìlú etí òkun ni, pẹ̀lú Lẹ́kí, Àgbádárìgì àti àwọn ìletò tí wọ́n fi kún un ní ọdún díẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ní 1866, wọ́n da Kọ́lónì mẹ́rin pọ̀ sábẹ́ Gómìnà kan ṣoṣo tí ó jókòó sí Freetown: Sàró, Gáńbíà, Gold Coast tí í ṣe Gánà òní, àti Èkó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di orúkọ Gáńbíà mú, a óò padà sórí rẹ̀. Ní 1874 wọ́n yọ Èkó kúrò lábẹ́ Sàró, wọ́n so ó mọ́ Gold Coast. Inú àwọn ará Èkó kò dùn sí i rárá pé Accra ni wọn yóò ti máa gba àṣẹ. Ní oṣù Kìíní 1886, wọ́n wá fún Èkó ní Gómìnà tirẹ̀, Alfred Moloney, kò sì sí ìlú mìíràn tí ó tún ń pàṣẹ fún un àfi London.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wọ aṣọ pupa àti funfun lọ́jọ́ Sátidé, ọdún 1886 yìí kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ohun ìjà Woolwich dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn sílẹ̀, èyí tí ó di Arsenal. Woolwich níbí ni wọ́n wà títí di 1913 kí wọ́n tó kó lọ sí Highbury. Ọjọ́ orí kan náà ni Arsenal àti Kọ́lónì Èkó tó dá dúró. Ẹ fi ìyẹn rántí rẹ̀.

Láti 1886 títí di 1906, ogún ọdún gbáko, Èkó ní fẹ́rẹ̀ẹ́ ohun gbogbo tí orílẹ̀-èdè máa ń ní. Ó ní Gómìnà, ó ní ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ní ilé ẹjọ́, ó ní ọlọ́pàá àti ọmọ ogun Haúsá tirẹ̀. Sítáǹpù tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí ti wà láti 1874. Iná mànàmáná dé ìgboro rẹ̀ ní 1898. Àwọn Sàró àti Àgùdà tí wọ́n padà láti ìgbèkùn ń tẹ ìwé ìròyìn, wọ́n ń ṣe lọ́yà àti dókítà, wọ́n ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ohun tó kù ni òmìnira nìkan. Nítorí náà, bàbá tó sọ̀rọ̀ níbi ìkómọjáde wa kò sọ ìsọkúsọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí owó ti ń wọlé. Owó ibodè ni, owó tí wọ́n ń gbà lórí ọtí, tábà àti aṣọ tí ọkọ̀ òkun bá kó wá. Kí ni àwọn ènìyàn fi ń ra ọtí àti aṣọ náà? Epo pupa àti ẹkùrọ́. Níbo sì ni ọ̀pẹ wà? Kò sí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn ará òkè ló ni ín, àwọn ará òkè náà ló ni ọ̀nà tí ó ń gbà wá. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bí inú bá sì bí wọn, wọ́n á ti ọ̀nà pa. Ní 1865 ni àwọn Ẹ̀gbá dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ George William Johnson, Sàró kan tó mọ ìwé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ibodè tiwọn lórí ẹrù tó ń lọ sí Èkó. Ní ọdún náà ni Glover tó ń ṣàkóso Èkó bá ọmọ ogun Ẹ̀gbá jà ní Ìkòròdú. Ní 1877 ogun Kírìjì tún bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀, ó sì di 1886 kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọjọ́ tí ọ̀nà bá dí, ojú àwọn oníṣòwò Èkó a pọ́n, àpótí owó Gómìnà a sì gbẹ. Nítorí ọ̀nà yìí ni wọ́n ṣe gbógun lọ sí Ìjẹ̀bú ní 1892, tí wọ́n fi ìbọn Maxim pa àwọn ènìyàn ní Ìmàgbọ̀n. Nígbà náà, Erith àti Crayford, tí bọ́ọ̀sì ń gbé wa dé láti Thamesmead níbí, ni ilé iṣẹ́ ìbọn Maxim wà. Ọ̀rọ̀ Ìmàgbọ̀n tó ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí àwọn ará Ìjẹ̀bú wa má bínú pé mo kọjá lórí rẹ̀.

Ó di orí ìwé tí mo ṣèlérí.

Àwọn Faransé wà ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn oyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Ìbọn Gẹ̀ẹ́sì ló lé ọba ibẹ̀ lọ bá wọn, nítorí pé ní 1861 àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Àjàṣẹ́, ní 1863 Ọba Sodji sì lọ fi ara rẹ̀ sábẹ́ ààbò Faransé. Láti Àjàṣẹ́ sí Abẹ́òkúta kò jìnnà. Àwọn Ẹ̀gbá kò tíì gbàgbé Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ àwọn ará Kọ́lónì sì ti sú wọn. Ní 1888, Faransé kan tí ń jẹ́ Viard wá sí Abẹ́òkúta, ó bá àwọn olóyè ibẹ̀ sọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀, ó sọ̀rọ̀ ojú irin tí yóò ti Àjàṣẹ́ wá sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Ojú irin láti Abẹ́òkúta sí Àjàṣẹ́! Gbogbo epo Ẹ̀gbá ì bá gba ọ̀dọ̀ Faransé dé òkun, gbogbo ẹrù Ìbàdàn ì bá sì lè tẹ̀lé e. Nígbà tí Moloney gbọ́ ní Èkó, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ìwé ń fò láàárín Èkó àti London, láàárín London àti Paris. Ní ìkẹyìn, ìjọba Faransé kò tẹ́wọ́ gba ìwé Viard. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ tọwọ́ bọ ìwé kan tí ó pín ààlà ilẹ̀ wọn ní oríṣiríṣi ibi ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Abẹ́òkúta bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Àjàṣẹ́ sì bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Kétu, ọ̀kan nínú ìlú aládé àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá, bọ́ sí ọwọ́ Faransé pẹ̀lú. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó bi Alákétu léèrè.

Ìwé 1889 yìí kan náà ló pín ààlà Gáńbíà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Gáńbíà àti Èkó jọ wà lábẹ́ Gómìnà kan náà ní 1866 ni, ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn méjèèjì jẹ́ ìlú kékeré lẹ́nu omi, owó ibodè ni àwọn méjèèjì ń jẹ. Ṣùgbọ́n Faransé ti yí Gáńbíà ká lẹ́yìn. Ìwé náà fún un ní etí odò rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ó sì tì í mọ́ ibẹ̀. Kò rí ibi fẹ̀ sí. Nígbà tí àsìkò òmìnira dé, kò sí orílẹ̀-èdè ńlá tí wọ́n lè so ó mọ́ àfi Senegal tí ń sọ Faransé, nítorí náà ó dá dúró: òmìnira ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1965, ìjọba olómìnira tó ní ààrẹ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 1970. Orílẹ̀-èdè ni lónìí, ó ní àsíá, ó ní owó tirẹ̀. Ti Èkó yàtọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọ̀nà Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, dé odò Ọya, kò sí Faransé kankan níbẹ̀, nítorí pé wọ́n ju ìwé Viard nù.

Bí wọn kò bá jù ú nù, Èkó ni ì bá di Gáńbíà kejì. Ìjọba olómìnira ní etí òkun, bí bàbá wa ti fẹ́ ẹ. Bóyá Agége ni ibodè ì bá wà, bóyá Ọ̀tà. Màmá Àgbà ì bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn ní Abẹ́òkúta, ì bá máa kí wa ní "bonjour" lórí fóònù. Nítorí náà, ìdáhùn mi fún ọmọkùnrin wa nìyí: físà kọ́, nítorí pé láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé kí ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìgba físà. Ìwé ìrìnnà ni Màmá Àgbà yóò mú lọ́wọ́. Yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí, yóò sì tò sórí ìlà.

Ẹni tó bá rò pé mò ń ṣe àsọdùn, kí ó bi àwọn ará wa tí ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Ọmọ Yorùbá wà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ìbátan ní Àgbádárìgì, ní Ìméko, ní Ìsàlẹ̀ Èkó pàápàá. Ilẹ̀ tiwọn gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 1960 pẹ̀lú orúkọ Dahomey, ó di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975. Orílẹ̀-èdè olómìnira etí òkun ni, Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú rẹ̀ lórí ìwé, Kútọnu sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba ti ń lọ. Ní oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ pa mọ́ ẹrù, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i títí di oṣù Kejìlá 2020. Mo mọ ìdílé kan níbí tí wọ́n ní òkú láti sin ní apá ọ̀hún lásìkò náà. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló wá fi òpin sí ogún ọdún tí Èkó fi dá wà? Owó náà ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó ní 1896. Ó dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹta 1901, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí afárá Carter. Ọkàn wọn wà lórí òkè, títí dé ilẹ̀ Haúsá, ṣùgbọ́n gbèsè ojú irin náà wúwo ju èjìká Kọ́lónì kékeré kan lọ. Apá ìlà oòrùn, tí Calabar jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ní owó ibodè tó pọ̀. Ní 1904 wọ́n fi Walter Egerton ṣe olórí fún ìhà méjèèjì, ní 1906 wọ́n dà wọ́n pọ̀ di Gúúsù Nàìjíríà, Èkó sì di olú-ìlú. Ní 1914 Lugard da Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Àwọn Ẹ̀gbá, tí Gómìnà Carter ti fọwọ́ sí i fún ní 1893 pé ilẹ̀ wọn wà lómìnira, pàdánù òmìnira náà ní 1914 yìí. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé Abẹ́òkúta tó wà lórí àpáta ló pẹ́ jù nínú òmìnira, kì í ṣe Èkó tó wà lẹ́nu òkun.

Ṣùgbọ́n orúkọ Kọ́lónì kò parẹ́. Títí di òru tó ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1960, ẹni tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Kọ́lónì Èkó, ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni lójú òfin. Ẹni tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Oǹdó, ẹni tí ọba Gẹ̀ẹ́sì kàn ń dáàbò bò ni. "British Protected Person" ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ìyá kan náà lè bí ọmọ méjì, ọ̀kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀kan ní Ìbàdàn nígbà tó lọ kí àwọn òbí rẹ̀, kí ìwé ìrìnnà wọn sì yàtọ̀ síra nígbà tí wọ́n bá jọ wọ ọkọ̀ òkun wá sí London níbí. Ààlà tí a kò rí lójú ọ̀nà wà nínú ìwé.

Àwọn ará Èkó náà kò gbà pé 1861 ti kó ohun gbogbo lọ. Ní 1920, Herbert Macaulay bá Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, wá sí London níbí lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó dání. Ní 1921, Privy Council dájọ́ pé ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí kò gba ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn ẹbí àti ìlú tí wọ́n ni ín. Inú bí ìjọba. Wọ́n yọ Èṣùgbàyí lóyè ní 1925, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, ẹjọ́ náà sì tún dé London kí ó tó padà sílé ní 1931. Ẹ ṣàkíyèsí pé lọ́yà àti ìwé ni wọ́n fi jà, wọ́n sì jàre.

Ọ̀rọ̀ "Gẹdẹgbẹ l'Èkó wà" tí mo fi ṣe orí ìwé yìí, ìgbà ayé àwọn bàbá wa ló jáde. Ìpàdé lórí òfin ìjọba wáyé ní London ní 1953. Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ Action Group fẹ́ kí Èkó wà pẹ̀lú Ìwọ̀ Oòrùn, tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Àwọn NCNC àti àwọn ará Àríwá ní kí ó jẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà. Lyttelton, mínísítà fún àwọn ìlú ọba, ni wọ́n fi ṣe onídàájọ́, ó sì yọ Èkó sọ́tọ̀. Láti 1954 ó di ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Àwọn ọmọ Èkó tí wọ́n ń pariwo "gẹdẹgbẹ" nígbà náà, wọn kò bèèrè orílẹ̀-èdè. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé wọn kò fẹ́ kí Ìbàdàn máa pàṣẹ fún wọn. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, bí a bá sì ń fa ọ̀rọ̀ yìí níbi àríyá, ó yẹ kí á mọ èyí tí à ń fà. Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì wà lọ́dọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí Mobọ́lájí Johnson sì di gómìnà rẹ̀. Ẹni tó bá gbé àwòrán ìpínlẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Kọ́lónì àtijọ́ yóò rí i pé wọ́n jọra gan-an. Ní oṣù Kejìlá 1991 olú-ìlú lọ sí Abuja, àwọn kan sì rò pé Èkó yóò rọ. Kò rọ.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan lé e fún bàbá wa nípa Singapore. Singapore kò bẹ̀bẹ̀ fún òmìnira tirẹ̀. Malaysia ló já a sílẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 1965, olórí wọn sì sunkún lójú gbogbo ayé. Títí di òní, apá kan nínú omi tí wọ́n ń mu ń gba inú páìpù wá láti Johor ní Malaysia, lábẹ́ àdéhùn 1962 tí yóò parí ní 2061. Èkó náà ń mu omi odò Ògùn, odò yẹn sì ti Abẹ́òkúta ṣàn kọjá kí ó tó dé ọ̀sà. N kò sọ pé Èkó kò lè dá wà. Ogún ọdún ni ó fi dá wà, mo ti sọ ọ́. Ohun tí mo rí nínú ìwé ni pé ní gbogbo ogún ọdún náà, òkè ni ojú rẹ̀ ń wò, ó ń retí ẹrù.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Mo mọ̀ pé nínú ilé wa níbí, nínú àpótí tí ó wà lórí àjà tàbí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìwé ìrìnnà àwọn òbí tàbí òbí àgbà kan wà tí wọ́n ti gbà ṣáájú 1960. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá a. Ẹ wo ojú ìwé tí wọ́n kọ irú ọmọ ìlú tí ẹni náà jẹ́ sí, ẹ wo ìlú tí wọ́n ti bí i, kí ẹ sì mú un wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀. A kò ní gbà á lọ́wọ́ yín, a kàn fẹ́ tẹ́ wọn sórí tábìlì kan ṣoṣo kí àwọn ọmọ lè wò ó: ti Ìsàlẹ̀ Èkó, ti Ìbàdàn, ti Abẹ́òkúta. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ti Àjàṣẹ́ tàbí Kétu, èyí tí wọ́n fi èdè Faransé kọ, kí ó má gbàgbé rẹ̀ sílé.